Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ epo píkọ́ọ̀pù: ohun tó ń dín in kù, àti ohun tó kàn ń fi kún un

Bí ẹ bá ń rin òpópónà márosẹ̀ dáadáa, ẹ ó ti rí i: píkọ́ọ̀pù tó ń sáré lọ, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, tí kò sì sí ẹrù kankan níbẹ̀. Awakọ̀ kò gbàgbé láti tì í o. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èrò rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń gba orí ọkọ̀ bọ̀ máa ń kọlu ilẹ̀kùn yẹn, pé bí òun bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà kọjá, epo tí ọkọ̀ ń jẹ á sì dín kù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yọ ilẹ̀kùn náà kúrò pátápátá, wọ́n á ta àwọ̀n sí ipò rẹ̀. Béèyàn bá gbọ́ ọ, ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Àwọn tó ti wọn ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé ìdánwò afẹ́fẹ́ rí i pé ṣíṣí ilẹ̀kùn náà kì í dín ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ kù. Ó sábà máa ń fi kún un ni.

Ní ọdún 2004, Kevin Cooper, onímọ̀ kan ní National Research Council ti orílẹ̀-èdè Kánádà, gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ìmọ̀ràn tó sì gba àwọn awakọ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Ní Yunifásítì Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí Al-Garni àti Bernal náà gbé àwòṣe píkọ́ọ̀pù kékeré kan sínú ilé ìdánwò, wọ́n fi iná lésà tọ ipa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rí ibi tó ń gbà lọ àti ibi tó ń yà sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ á gun orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gun gíláàsì iwájú, á sì gba orí òrùlé ibi tí awakọ̀ jókòó sí kọjá. Nígbà tó bá dé etí òrùlé, níbi tí irin ti já wálẹ̀ ṣàdédé, eré tó ń bá bọ̀ kò ní jẹ́ kó lè yà wálẹ̀. Iwájú ló ń lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀, nínú ibi ìkẹ́rù, kò rí ibi sá sí torí irin ti yí i ká, ló bá ń yí lójú kan náà, bí omi odò ṣe ń pòyì lẹ́yìn àpáta. Afẹ́fẹ́ tó ń pòyì yìí ló wá di ìdérí. Èyí tó ń sáré bọ̀ láti orí òrùlé á yọ́ kọjá lórí rẹ̀, á máa rọra sọ̀ kalẹ̀, á kan etí òkè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á sì tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ilẹ̀kùn tí awakọ̀ rò pé ó ń di afẹ́fẹ́ lọ́nà, òun gan-an ló ń há afẹ́fẹ́ pípòyì yẹn mọ́ ibi tó ti wúlò.

Bí ẹ bá wá ṣí ilẹ̀kùn náà, ìdérí yẹn á tú. Afẹ́fẹ́ tó ń pòyì á tú jáde láti ẹ̀yìn, èyí tó ń bọ̀ láti òkè kò ní rí nǹkan gùn lé mọ́, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì di ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń dàrú. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń dàrú báyìí, agbára tó fi ń tì máa ń kéré sí ti iwájú ọkọ̀. Iwájú ń gba ìtìsẹ́yìn tó pọ̀, ẹ̀yìn ò rí ìtìsíwájú tó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Àwọ̀n tí wọ́n ń ta sí ipò ilẹ̀kùn kò yí èyí padà. Ká yọ ilẹ̀kùn dànù nítorí epo, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ lè fi òwú wò ó. Ẹ gé òwú ìhunṣọ sí gígùn ìka ọwọ́ kan, ẹ fi téèpù lẹ orí rẹ̀ kan mọ́ ara ọkọ̀, ẹ tò wọ́n láti orí òrùlé títí dé inú ibi ìkẹ́rù, kí ẹlòmíràn wá máa wa ọkọ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó jókòó tì í máa ya fídíò. Lórí òrùlé, òwú á nà gbọọrọ sẹ́yìn, á dúró jẹ́ẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì ẹ̀yìn, á máa jó kiri, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ibi tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni ilẹ̀ ibi ìkẹ́rù, nítòsí ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Òwú ibẹ̀ máa ń kọjú sí iwájú ni, sí ọ̀dọ̀ awakọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ síwájú. Afẹ́fẹ́ pípòyì yẹn lẹ ń rí níbẹ̀ ní gbangba. Mi ò mọ ìdánwò kan tó rọrùn tó báyìí tó sì ń la ojú èèyàn tó o. Òwú àti téèpù nìkan ló gbà.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fi le tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ wúwo ju bí a ṣe rò ó lọ. Èyí tó kún àyè mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, mítà kan ní gíga, wúwo tó nǹkan bíi kìlò 1.2 níbi tí ilẹ̀ kò bá ti ga. Píkọ́ọ̀pù ńlá tí ojú iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 3.3, tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ní láti la nǹkan bíi kìlò 110 afẹ́fẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré o. Ó gbọ́dọ̀ tì í sí òkè, tì í sí ẹ̀gbẹ́, tì í sí abẹ́, kó tó lè ráyè kọjá, epo ló sì ń sanwó gbogbo títì yẹn.

Nọ́ńbà kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí ara ọkọ̀ ṣe ń yọ́ nínú afẹ́fẹ́ tó. Cd ni wọ́n ń pè é. Bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dára sí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré òde òní sábà máa ń wà láàárín 0.25 sí 0.30. Píkọ́ọ̀pù òde òní sábà máa ń wà láàárín 0.35 sí 0.45, àwọn àtijọ́ sì ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi Cd yìí ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀ ojú iwájú ọkọ̀, ẹ ti mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń bá jà nìyẹn. Eré ọkọ̀ ló kù, eré yìí ni baba ìṣòro, torí bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà.

Ẹ jẹ́ ká mú píkọ́ọ̀pù kan tó wúwo tó kìlò 2,300, tí Cd rẹ̀ jẹ́ 0.40, tí ojú iwájú rẹ̀ sì jẹ́ 3.3 yẹn. Nǹkan méjì pàtàkì ló ń dí i lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú: táyà tó ń yí lórí ilẹ̀, àti afẹ́fẹ́. Ti táyà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó wà ní nǹkan bí agbára tó lè gbé kìlò 23 nílẹ̀, yálà eré pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ti afẹ́fẹ́ náà wà ní kìlò 22, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní kìlómítà 100, ti afẹ́fẹ́ ti di kìlò 62. Ní 120, ó ti tó kìlò 90, ìlọ́po mẹ́rin ti táyà. Ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí? Nínú ìgboro, níbi tí ọkọ̀ ń rìn, tó ń dúró, tó tún ń rìn, ìwúwo ọkọ̀ àti bíréèkì ló ń jẹ epo. Lójú òpópónà, afẹ́fẹ́ ló kù tó ń jẹ ẹ́.

Ká wá sọ ọ́ di lítà. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó wà nínú bẹntiróòlù lò, tí ìyókù ń bá ooru lọ. Nínú ìrìnàjò kìlómítà 100, ní eré 100 ní wákàtí kan, nǹkan bíi lítà 7.6 ni ọkọ̀ yìí máa fi la afẹ́fẹ́ nìkan. Bó bá sá 120, ó ti di lítà 11. Awakọ̀ á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yára dé ju bó ṣe yẹ lọ, á sì fi lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ san owó ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Lóòótọ́, lójú ọ̀nà gidi nọ́ńbà náà máa ń yàtọ̀ díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì máa ń lo epo dáadáa sí i bó bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí kò yí padà. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ pẹ̀lú ti máa ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kìlómítà tí ọkọ̀ ń rìn lórí epo kan máa ń já wálẹ̀ kíá bí eré bá ti kọjá nǹkan bíi 80 ní wákàtí kan. Nínú gbogbo ohun tí awakọ̀ lè ṣe, dídín eré kù ló lágbára jù, kò sì gba ọ̀pá ìtúbọ́ọ̀tì kankan.

Lẹ́yìn eré, ohun tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wò ni nǹkan tí wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà kan náà sọ pé àpótí ẹrù ńlá tó ṣù lórí òrùlé lè jẹ́ kí epo tí ọkọ̀ ń jẹ burú sí i ní ìdá 2 sí 8 nínú 100 láàárín ìlú, àti ní ìdá 10 sí 25 bí ọkọ̀ bá ń sá láàárín kìlómítà 105 sí 120 ní wákàtí kan. Ìdá 25 kì í ṣe kékeré. Àpótí kan náà bó bá wà lẹ́yìn ọkọ̀, ìdá 1 sí 5 ni lójú òpópónà. Ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù tó sì tún ń di ẹrù sórí òrùlé, nígbà tí ibi ìkẹ́rù ṣófo lẹ́yìn, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da epo nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ìdẹ́rù tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ọ̀pá iná gbọọrọ tí wọ́n ń tò sórí òrùlé, àsíá, àti dígí ẹ̀gbẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń fa tírélà tí wọn ò sì yọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú tírélà kúrò. Ẹ yọ wọ́n bí ẹ ò bá lò wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni.

Gbígbé ọkọ̀ sókè tún wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn kí píkọ́ọ̀pù àwọn ga, kí táyà rẹ̀ tóbi, kó dúró gìrìgìrì. Mi ò bá ẹni tó ń wa ọkọ̀ lórí àpáta àti ẹrẹ̀ jà, ó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ọ̀dà lójoojúmọ́ yẹ kó mọ ohun tó ń rà. Bí ọkọ̀ bá ga, ojú iwájú tí afẹ́fẹ́ ń kọlù á fẹ̀ sí i, abẹ́ ọkọ̀ á ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì wọ ibẹ̀ lọ kọlu ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Abẹ́ píkọ́ọ̀pù kò tẹ́jú rárá. Ọ̀pá sàlẹ́ńsà wà níbẹ̀, ọ̀pá tó ń yí táyà ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ásù ẹ̀yìn, sípíríǹgì, táńkì epo, gbogbo wọn ń fi ara gbá afẹ́fẹ́ ní tiwọn. Táyà ńlá tó yọ síta tún wà. Lára ọkọ̀ lásán, wọ́n máa ń ka táyà àti ihò tí táyà wà nínú rẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di ńlá rárá.

Nítorí abẹ́ ọkọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń fi pálí rọ́bà dúdú yẹn sí abẹ́ bọ́ńpà iwájú. Àwọn kan ń yọ ọ́ dànù torí pé kò lẹ́wà lójú wọn, tàbí torí ó máa ń họ ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí afẹ́fẹ́ lọ́nà kó má bàa wọ abẹ́ ọkọ̀, kó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ara ọkọ̀ ti dán. Bẹ́ẹ̀ ni, pálí náà fúnra rẹ̀ ń kọlu afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà wá sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ju ohun tó ń ná wa lọ, bí wọ́n bá ṣe gígùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí ti ọkọ̀ yín bá ti fọ́ tàbí tó ti já, ẹ fi òmíràn sí i.

Ìdérí ibi ìkẹ́rù ni ọjà tí wọ́n ń polówó jù, mo sì fẹ́ sọ òótọ́ rẹ̀ torí àwọn tó ń tà á máa ń bù mọ́ ọn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìdérí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ì báà jẹ́ aláwọ tó ń ká, ì báà jẹ́ oníke tàbí onírin, máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi tó dán gùn lé. Àmọ́ ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ pípòyì inú ibi ìkẹ́rù ti ń ṣe apá kan iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà èrè rẹ̀ jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú 100, kò tó ohun tí ìpolówó ń sọ. Ká ní ó dín ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ kù ní ìdá 5. Lórí ọkọ̀ tí a fi ṣe ìṣirò lókè yìí, ní eré 100, ìyẹn á dín gbogbo ohun tó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ kù ní nǹkan bí ìdá 3 ààbọ̀, èrè orí epo á sì kéré sí ìyẹn díẹ̀. Láàárín ìlú, ẹ ò ní rí i rárá. Ẹ rà á torí kí òjò má pa ẹrù yín, kí olè má rí i. Epo tó bá dín kù, ẹ kà á sí èènì.

Èyí tó ju ìyẹn lọ ni ìdérí tó rọra sọ̀ kalẹ̀ láti etí òrùlé lọ bá orí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe pàtàkì bí iwájú rẹ̀. Paul Jaray, tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfurufú Zeppelin, fi ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ hàn ní àwọn ọdún 1920, Wunibald Kamm ní Stuttgart ní Jámánì sì fi hàn ní àwọn ọdún 1930 pé kò di dandan kí ìrù náà gùn. Tó bá ti rọra ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibì kan, wọ́n lè gé e kúrú kí èrè rẹ̀ má sì sọ nù. Lórí píkọ́ọ̀pù, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìwọ̀n ìsọ̀kalẹ̀ náà. Bí kò bá ju nǹkan bí dígírì 10 sí 12 lọ, afẹ́fẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ẹ̀yìn. Bó bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á já kúrò lára rẹ̀, owó àti wàhálà á sì ṣòfò. Níbí náà, òwú àti téèpù ló máa sọ òótọ́ fún yín kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́lẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò fara sin: ẹrù gíga kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ilé alápòótí tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀yìn, tó ga tó òrùlé tó sì gé ṣákálá lẹ́yìn, kò ní irú èrè báyìí.

Títí dé ibí, ohun tí ẹni tó ti ra ọkọ̀ lè ṣe ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe bí wọ́n bá fẹ́. Ram 1500 ti ọdún 2019 ní pálí iwájú kan tó ń dá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti sá ju nǹkan bíi kìlómítà 56 ní wákàtí kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 àti díẹ̀. Bí eré bá dín kù, ó ń padà sókè kó má bàa họ ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kéde Cd 0.357 fún un, èyí tó dára gan-an fún ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Chevrolet Silverado ti ọdún kan náà ní ihò ní igun bọ́ńpà iwájú méjèèjì tó ń tú afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ táyà kọjá. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ló ti ní pátákó kéékèèké lẹ́yìn gíríìlì báyìí, tó ń pa dé nígbà tí rédíétọ̀ kò bá nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá wọ ibi ẹ́ńjìnnì á máa gbá kiri nínú rẹ̀ ni, á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọwọ́ kan ń tún un ṣe, ọwọ́ kejì ń bà á jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń fi owó ńlá wá ìdá kan nínú 100 lábẹ́ bọ́ńpà, wọ́n á sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ga sókè, wọ́n á fi gíríìlì tó dúró ṣánṣán tó ga kọjá ìbàdí èèyàn sí iwájú rẹ̀ torí kí ọkọ̀ lè ní ojú akọni. Ohun tí rédíétọ̀ nílò kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Gíga yìí kò sì pa epo nìkan lára. Ní ọdún 2023, IIHS, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde pé ọkọ̀ tí iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 lè pa ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tó bá kọlù, ju ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó sì dagun lọ. Iwájú tó rẹlẹ̀ tó sì yípo ló dára fún epo, òun náà ló dára fún ẹni tó ń sọdá títì. Mi ò tíì rí àwíjàre kan tó tó fún ọ̀nà kejì.

Òfin lè yí èyí padà, ṣùgbọ́n lọ́wọ́lọ́wọ́ ó ń lọ sí ọ̀nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Ford F-Series ti jẹ́ píkọ́ọ̀pù tó tà jù láti ọdún 1977, bí ọkọ̀ bá ṣe gbòòrò tó láàárín táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ń pinnu ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí epo. Ọkọ̀ tó bá gbòòrò, ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rọrùn. Ní ọdún 2025, òfin tuntun tún sọ owó ìtanràn àwọn ilé iṣẹ́ tó bá kùnà ìlànà yẹn di òdo. Ìlànà wà lórí ìwé, kò sì sí ìtanràn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ibi tí nǹkan ti ń yí padà láìwo ojú òfin ni píkọ́ọ̀pù oníná, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ọkọ̀ oníná máa ń gba apá tó pọ̀ nínú agbára tó fi gbé ìwúwo rẹ̀ padà: bí awakọ̀ bá fà á dúró tàbí bó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, mọ́tò rẹ̀ á máa dá iná padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n agbára tí afẹ́fẹ́ bá gbà lọ, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ kan tó lè gbà á padà. Torí náà, ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ibi tí bátìrì á gbé ọkọ̀ dé lójú òpópónà, bátìrì sì wọ́n ju pálí rọ́bà lọ. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kéde: Rivian R1T, 0.30, Tesla Cybertruck, 0.335. Òrùlé Cybertruck tó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn, tó ní ìdérí lórí ibi ìkẹ́rù, jẹ́ ọ̀nà kan náà tí mo sọ lókè nípa ìdérí tó dagun. Bí wọ́n bá so tírélà gíga mọ́ ọn, nǹkan á yí padà kíákíá, torí tírélà náà ní ojú iwájú tirẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń kọlù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù, kó má jẹ́ kí Cd nìkan tan òun jẹ. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa ń tẹ̀ sínú ìwé ìpolówó. Fífẹ̀ ojú iwájú kì í sábà sí níbẹ̀. Ẹ lè fojú díwọ̀n rẹ̀ fúnra yín: ẹ fi ìbú ọkọ̀ láìka dígí ẹ̀gbẹ́ ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀, kí ẹ mú nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Cd sọ ọ́ di púpọ̀. Píkọ́ọ̀pù ńlá tí Cd rẹ̀ jẹ́ 0.36, tí ojú iwájú rẹ̀ jẹ́ 3.4, á fún yín ní 1.22. Èyí tó kéré sí i, tí Cd rẹ̀ jẹ́ 0.40, tí ojú iwájú rẹ̀ jẹ́ 2.8, á fún yín ní 1.12. Lórí ìwé ìpolówó, èyí ńlá ló borí. Lójú òpópónà, èyí kékeré ni afẹ́fẹ́ ń fà sẹ́yìn díẹ̀ jù, pẹ̀lú ohun tó lé ní ìdá 8 nínú 100.